Ohùn Bàbá Lórí Ẹnu Bísí

Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, mo lè wo bọ́ọ̀lù dé òpin. Kò sí ẹni tí yóò na ọ̀pá sí tẹlifíṣọ̀n kí ó pa ohùn rẹ̀. Ó yẹ kí ara tù mí. Kò tù mí. Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí n óò bínú sí mọ́.

Bàbá ni ó bí bàbá mi. Òun ló tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi. Èmi náà ni mo sì lọ mú un wá sí Port Harcourt ní ọdún 1999, ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀, nítorí ìyá àgbà ti ṣaláìsí, kò sì sí ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un nílé. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Mo rò pé ọdún díẹ̀ ló kù fún un. Ó lo mẹ́rìnlélógún lọ́dọ̀ mi. Àwọn Yorùbá tó wà ní Diobu, àdúgbò wa, ń pè é ní Bàbá Sinimá. Àwọn ọmọ àdúgbò tí kò gbọ́ Yorùbá ń pè é ní Papa Film. Gbogbo wọn gbà pé orí rẹ̀ le.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Mo ní n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí a ń sọ níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ ìrẹsì. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wà nínú àpótí mi. Inú rẹ̀ nìkan ni a gba ohùn ìyàwó mi sí kí ó tó kú. Bàbá fi ohùn tirẹ̀ pa á rẹ́. Ọmọ mi kò mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo bá Bàbá jà lé lórí nìyẹn, láìgbé ohùn sókè, fún nǹkan bí ogún ọdún.

Iṣẹ́ ìjọba ni Bàbá ṣe. Ó ń bá mọ́tò sinimá kiri láti abúlé dé abúlé ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n á ta aṣọ funfun sí pápá ilé ìwé, wọ́n á fi fíìmù han àwọn ará abúlé: bí a ṣe ń gbẹ́ kànga, bí a ṣe ń tọ́jú kòkó, bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Èdè Òyìnbó ni fíìmù ń sọ. Bàbá ni í dúró ní ọwọ́ ọ̀tún aṣọ náà pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí í sọ ọ́ ní Yorùbá. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ṣeé yí. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á yí ohùn Òyìnbó wálẹ̀. Bí ó bá sọ tán, á yí i sókè padà. Kò sí ìgbà tí ohùn Òyìnbó náà kú. Ìsàlẹ̀ ló kàn ń lọ, tí yóò sì tún gòkè wá. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kì í sọ fíìmù tí kò bá tíì gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Á kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, á di ojú, á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á tún gbọ́ ọ, á tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni á tó yíjú wò ó. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ wo àwòrán, ojú rẹ̀ yóò dí etí rẹ̀. Ní Diobu níbí, nígbà tó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ó ṣì lè sọ ohun tí Òyìnbó inú fíìmù kòkó sọ láìfo ọ̀rọ̀ kan, títí kan ibi tí Òyìnbó náà ti húkọ́.

Ìtàn kan wà tí ó máa ń sọ títí ó fi sú mi. Wọ́n dé abúlé kan, ohùn fíìmù kú, gbohùngbohùn nìkan ló kù. Fíìmù náà dá lórí bí àgbàrá òjò ṣe ń wọ́ ilẹ̀ oko lọ. Òjò ń rọ̀ lórí aṣọ, kò dún, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìjókòó wọn. Bàbá bá da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì, ó ń mì ín níwájú gbohùngbohùn. Àwọn tó ti dìde tún jókòó. Ìyá arúgbó kan tó wà níwájú mú ìborùn rẹ̀, ó fi bo orí kí òjò má bàa pa á. Bí Bàbá bá dé ibẹ̀, á fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Ojú ń wò ni, Àjàní. Etí ló ń gbàgbọ́."

Ó ṣòro láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé inú yàrá méjì. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe nígbà náà, èmi ni mo sì fi ọwọ́ mi kan àpótí tí tẹlifíṣọ̀n wa jókòó lé. Bàbá kì í jókòó wò ó. Á dúró ní ọwọ́ ọ̀tún, á gbé ọwọ́ lé etí àpótí náà, bí ẹni pé ìjọba ṣì ń san owó oṣù fún un. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, á na ọ̀pá, á pa ohùn rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Bọ́ọ̀lù ni, Bàbá."

"Irọ́ ni. Àwọn ọkùnrin tó ń sáré láìnídìí lo rí. Ariwo ló sọ ọ́ di bọ́ọ̀lù."

Wọ́n á ti gbá góòlù wọlé kí ó tó gbà kí n yí ohùn sókè.

Ní ọjọ́ Sunday, àwọn aládùúgbò máa ń wá wo fíìmù lọ́dọ̀ wa nítorí jẹnẹrétọ̀ wa kì í sábà kọṣẹ́. Ìyá Ṣẹ́gun, tó ń rán aṣọ ní ojúlé kejì, ni aṣáájú wọn nínú ẹkún. Bí orin arò bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù, tí ọkùnrin kan ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, Bàbá á pariwo.

"Ta ló sọ fún orin yìí pé ọkùnrin náà máa kú? Òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sunkún wa ní àlàáfíà."

"Ẹ óò sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kú."

Ọkùnrin náà á kú lóòótọ́, Ìyá Ṣẹ́gun á sì máa rẹ́rìn-ín dípò ẹkún. Inú á bí i. Ó ní Bàbá ti ba fíìmù jẹ́ fún òun láéláé.

Ìjà tó tì mí lójú jù ni ti Boma. Ọmọkùnrin ará Rivers ni Boma, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mile Three níbi tó ti ń to fíìmù pọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Bàbá wo ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ bá a. Bàbá gbọ́ Pijin dáadáa, kò sí ohun tí a sọ tí kò yé e, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mo ní láti máa túmọ̀ ìbínú ẹlòmíràn.

"Sọ fún un pé ìgbájú rẹ̀ dún kí ọwọ́ tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Mo sọ ọ́. Boma rẹ́rìn-ín. "Papa, na small thing. Nobody go notice."

Bàbá kò dúró de ìtumọ̀. "Bi í léèrè pé bí mo bá gbá a lójú nísinsìnyí, ṣé yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ó tó dùn ún?"

"Wetin Papa talk?"

"E say make you bring your face."

Boma sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún ìgbájú náà tò níṣojú wa. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń parí fíìmù, á ránṣẹ́ pe Papa Film. Bàbá á jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, á máa mi orí. Kò yìn ín rí. Ohun kan náà ló ń sọ kí a tó kúrò níbẹ̀: "Ohùn tó bá ṣáájú àwòrán, irọ́ ni. Èyí tó bá gbẹ́yìn, ẹ̀fẹ̀ ni. Sọ fún un kí ó máa dúró de ẹnu."

Bísí ni ìyàwó mi. Ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, ará Ìkirè, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni wọ́n bí i sí. Ó ń ta òkìrìkà ní ọjà Mile One. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá dùn tàbí tí inú bá ń bí i, Pijin ló ń jáde. Òun nìkan ni kò bẹ̀rù Bàbá.

"Baba, you don chop?"

"Mo ti jẹun, ìyàwó mi."

"Baba, answer me with am na. Just one."

"Ẹnu mi kò gbà á."

"E dey hear am finish, but e no go talk am. Baba, na stingy be dat."

Bàbá á rẹ́rìn-ín sínú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wá kí i, ọ̀rọ̀ dé orí àwọn ọmọ wa tí kò gbọ́ èdè mọ́. Bàbá ní Pijin kì í ṣe èdè, ó ní ohùn tí kò nílé ni. Bísí ń gbé omi wọlé fún wọn lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí ó lè wọlé dáadáa: "Bàbá, ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn." Bàbá gbé ife omi, ó ń wò ó. N kò rí i kí ó pàdánù èsì níwájú ènìyàn rí.

A bí Ẹniọlá ní ọdún 2000. A pe oní-fídíò kan síbi ìkómọjáde rẹ̀, ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. A wò ó pa pọ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi kan wà níbẹ̀ tí Bísí ti ń bá oní-fídíò náà sọ̀rọ̀, tó sì tẹ̀ ba lórí ọmọ, tó sọ nǹkan fún un. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín náà.

Bàbá fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Àwọn ará ilé kò ní gbọ́ Pijin yìí," ó ní. "Ẹnu tó ń mì lásán ni wọ́n máa wò. Àwòrán tí kò ní ẹni tí ń sọ ọ́, ọmọ òrukàn ni."

Ẹ̀rọ fídíò tí a ní ní ihò kan tí a lè ki gbohùngbohùn bọ̀, ó sì ní bọ́tìnì pupa kan tí a fi ń gbé ohùn tuntun sórí kásẹ́ẹ̀tì láìfọwọ́ kan àwòrán. Fún òwúrọ̀ mẹ́ta, mo rí Bàbá tí ó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, tó di ojú, tí kásẹ́ẹ̀tì ń lọ. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé ó kàn ń ṣeré arúgbó ni. Ní ọjọ́ kẹrin, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, Bísí wà lọ́jà.

Nígbà tí a dé ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá ti dé fìlà. Ó ní kí a jókòó. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i.

Ohùn rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ohùn ìjọba: "Ẹ̀yin ènìyàn wa nílé, ìkómọjáde ọmọ Àjàní nìyí." Ó dùn ún gbọ́, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà, Bísí yọ nínú àwòrán, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń nàka sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohùn Bàbá ní: "Ìyá ọmọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Bísí tẹ̀ ba lórí ọmọ, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ohùn Bàbá ní: "Ìyá ń gbàdúrà kí ọmọ ó dàgbà, kí ó dògbó."

"Baba," Bísí ní, "but the thing wey I talk no dey inside."

"Ó wà níbẹ̀. Ó wà lábẹ́." Bàbá bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà. Ó fọwọ́ tẹ èyí, ó fọwọ́ tẹ tọ̀hún. Ó ń wá bọ́tìnì tí yóò yí. "Àjàní, níbo ni wọ́n fi èyí tó ń gbé e sókè padà sí?"

Mo ní kò sí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jí i.

Bísí ló gbà á sílẹ̀. "Baba, leave am. When we born the next one, we go do another. That time you go talk your own for one side, me too I go talk my own." A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi yẹn ni n kò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi.

A kò bí òmíràn. Kí Ẹniọlá tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, àìsàn mú Bísí, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lórí ibùsùn tó fi kú. Nígbà náà ni mo mọ ohun tí kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ́. Ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú ni, kò sí ẹni tó ń gba ohùn ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé e lọ bá ẹni kan ní Mile One, ó ní kí n padà wá, mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹnì kejì fi ọtí nù ún, kò rí nǹkan. Ẹni ìkẹta jẹ́ àgbàlagbà kan ní Oyigbo. Ó fi ẹ̀rọ sí etí méjèèjì, ó gbọ́ ọ pẹ́. Ó yọ ọ́, ó ní: "My brother, e no dey under. E no hide. Na wipe e wipe am."

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní: "Ẹ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yìí mọ́ nínú ilé yìí láéláé."

N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ó tẹ orí ba. "Mo gbọ́," ó ní.

Lẹ́yìn náà, mo ń dúró de kí ó ní kí n má bínú. Kò sọ ọ́. Ó ń bá Boma jà, ó ń bá Ìyá Ṣẹ́gun jà, ó ń bá àwọn tó ń ka ìròyìn jà, kò sì sọ nǹkan kan lórí ohun kan ṣoṣo tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń mú Ẹniọlá lọ sílé ìwé, òun ló ń sọ ìtàn fún un. Mo rí ìyẹn. Kò tó mi.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ìrọ̀lẹ́, mo sì ti lé ní ogójì kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Rumuolumeni láti kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ igi. Mo dàgbà ju àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ́ wa lọ. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ń ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè lo fídíò. Ó ní lórí kásẹ́ẹ̀tì, ohùn ní ọ̀nà tirẹ̀, àwòrán ní tirẹ̀. Ènìyàn lè nu ọ̀kan, èkejì kò ní mọ̀. Àwọn yòókù kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi gbé gègé mi kalẹ̀. Bàbá máa ń bi mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ohun tí mo kọ́. Ó bi mí lọ́jọ́ náà. Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní: "Ẹ̀kọ́ tí kò ṣeé sọ nílé, ẹrù ni."

Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, Ẹniọlá wá lo ọlidé Kérésìmesì. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Boma ti bá mi da kásẹ́ẹ̀tì náà sórí díìsìkì tipẹ́, kí ó má bàa bàjẹ́ tán. Ẹniọlá rí i nínú àpótí mi, ó fi sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

"Daddy, wetin Mummy dey talk here? Grandpa say e dey thank God. But see am, e dey laugh, e dey point leg."

N kò mọ̀. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ ọ, ohùn Bàbá sì ti bò ó mọ́lẹ̀ nínú orí tèmi náà.

"Mo ti gbàgbé," mo ní.

"You forget?"

Ó wò mí. N kò rí ibi tí n óò gbé ojú sí.

"Àjàní." Bàbá ni. "Ṣé mo lè fẹnu kàn án?"

Ó ṣe díẹ̀ kí ohun tí ó ń bi mí tó yé mi.

"Ẹ fẹnu kàn án, Bàbá."

"Ẹniọlá, pa ohùn mi yẹn."

Ó dìde. Ẹniọlá mú un lápá títí ó fi dé ọwọ́ ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé ọwọ́ lé etí àpótí. Ó ní kí ọmọ náà dá a padà sẹ́yìn, kí ó sì tẹ òun léjìká nígbà tí ìyá rẹ̀ bá gbé ọwọ́ sókè. Bísí yọ. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹniọlá tẹ̀ ẹ́ léjìká.

Bàbá, tí kò sọ Pijin láti ọjọ́ tó ti dé Port Harcourt, la ẹnu. "Oga video, abeg no snap my leg! E don swell like yam!"

Kò ṣe bí obìnrin. Ohùn arúgbó ni. Ṣùgbọ́n ibi tí Bísí ti máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ibẹ̀ ni òun náà ti fà á gùn. Ó sọ èsì oní-fídíò: "Madam, na the baby I dey snap." Ó rẹ́rìn-ín bí Ìyá Ṣẹ́gun ṣe rín in níbi ìkómọjáde náà. Nínú àwòrán, Bísí tẹ̀ ba lórí ọmọ. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"See your papa face. E no sabi talk. You wey just come, abeg, teach am."

Ẹniọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Èmi dúró síbẹ̀, ìfura sì mú mi. Ẹni tó sọ pé Bísí ń gbàdúrà náà ló tún ń sọ èyí.

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, àbí tiyín lẹ tún ń sọ?"

"Wo ẹnu rẹ̀," ó ní.

A dá a padà sẹ́yìn. Bàbá tún un sọ, mo ń wo ẹnu Bísí. Níbi tí papa wà, ètè rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti parí, ó pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ àti ẹnu wọ inú ara wọn bí igi tí a gbẹ́ dáadáa ṣe ń wọ ihò rẹ̀, tí a kò nílò ìṣó. Fún ọdún méjìlélógún, mo ti ń wo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ mi.

"Láti ìgbà yẹn lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?"

"O ní kí n má fẹnu kàn án."

Ẹniọlá ti mú fóònù rẹ̀. "Grandpa, abeg, talk am one more time, make I record am."

Ó mi orí. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí n kì í bẹ̀bẹ̀. Kò gbà. "Mo ti fi ohùn mi bo tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "N kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Àjàní ti gbọ́ ọ. Àjàní lẹ́nu."

Kò gbà ní ọjọ́ kejì. Kò gbà nígbà tí Ẹniọlá tún wá ní Ọdún Àjíǹde. Títí ó fi kú, kò gbà. Bí ó bá ti gbà ni, ìṣẹ́jú kan péré ni, ọmọ mi ì bá máa gbé e kiri nínú àpò. Mo ṣì ń bínú sí i nítorí ìyẹn. Mo tún ń bínú sí i nítorí ogún ọdún tó fi gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, òun tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ẹniọlá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, mọ́tò tí yóò gbé e dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Omagwa ti ń fun fèrè níta. Ó fi díìsìkì sí i. Ó pa ohùn rẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ sínú báàgì, ó fa síìpù báàgì náà dé níṣojú mi.

"Oya, Daddy."

Mo dúró ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo gbé ọwọ́ lé etí àpótí, níbi tí ọwọ́ Bàbá ti jẹ fáníìṣì tí mo fi kùn ún tán. Bísí yọ. Mo sọ̀rọ̀.

"Daddy, you rush am. Mummy never open mouth."

Ó dá a padà sẹ́yìn. Mọ́tò tún fun fèrè. Bísí tún yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró de ẹnu rẹ̀. Nígbà tó là á, mo la tèmi.